Ilé Tó Ń Fì àti Ilé Tó Léwu

Ní ọ̀sán ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ láti inú àwọn ilé gogoro Dubai àti Sharjah. Wọ́n kún ojú títì, wọ́n ń gbójú sókè wo ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá jáde nínú rẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ United Arab Emirates (UAE) ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìtòsí ìlú Saravan, létí ààlà Iran àti Pakistan, ni àpáta ti sán, nǹkan bí 80 kìlómítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ní ibi tó jìn sí Dubai ju 700 kìlómítà lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.7. Ní Pakistan, ilé wó pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, òmíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.3 ti ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Bushehr ní Iran kan náà, àwọn ará Gulf sì mọ òun náà lára.

Ní Dubai àti Sharjah, kò sí ilé tó wó. Ẹni tó wà ní àjà ọgbọ̀n ní Sheikh Zayed Road rí i pé ilé ń fì. Ẹni tó wà ní àjà kẹta nínú ilé àtijọ́ kan ní Rolla, ní Sharjah, tàbí ní Naif, ní Deira, lè má mọ̀ rárá pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá bi àwọn méjèèjì léèrè pé ilé ta ló léwu jù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹnu kò sórí ilé gogoro. Ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Ìlọ-bọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan

Gbogbo ilé ló ní bó ṣe ń fì. Bí ọmọdé bá ń gun jangirọ́fà, okùn tó gùn a máa lọ a máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, okùn kúkúrú a máa yára. Bí ẹni tó ń tì í bá sì bá ìlọ-bọ̀ rẹ̀ mu, agbára díẹ̀ ti tó láti gbé e sókè fíofío. Ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi mẹ́wàá pín iye àjà ilé. Ilé alájà márùn-ún á fì lọ á fì bọ̀ láàárín nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ilé alájà ọgbọ̀n á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Burj Khalifa, tó ga tó mítà 828, ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá.

Oríṣiríṣi ìgbì ló wà nínú ìmìtìtì ilẹ̀ kan ṣoṣo. Èyí tó ń yára gbọ̀n kì í pẹ́ kú, nítorí àpáta á ti gbé agbára rẹ̀ mì kó tó rìn jìnnà. Èyí tó ń fì pẹ̀lẹ́ ló ń rìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ohun tó wá gúnlẹ̀ sí Dubai láti Saravan jẹ́ ìgbì onípẹ̀lẹ́ tó bá ìlọ-bọ̀ ilé gíga mu, tó sì gba abẹ́ ilé kékeré kọjá láìfọwọ́ kàn án.

Ìlú Mẹ́síkò kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985. Orísun ìmìtìtì náà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 8.0, jìn sí ìlú náà ju 300 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n orí ẹrẹ̀ adágún tó ti gbẹ ni wọ́n kọ́ apá púpọ̀ nínú ìlú sí. Ẹrẹ̀ yẹn mú ìgbì onípẹ̀lẹ́ pọ̀ sí i. Ilé alájà mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jìyà jù, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dúró.

Ewu tó wà nítòsí

Pẹpẹ àpáta ńlá tó gbé ilẹ̀ Arébíà dúró ń wọ́ lọ sí àríwá ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì lọ́dọọdún, ó sì ń ti èyí tó gbé Iran dúró. Òkè Zagros, tó na gbọọrọ lódìkejì Òkun Gulf, ni ibi tí ìtì náà ti hàn sójú ayé. Erékùṣù Qeshm, tí kò jìn sí Dubai ju nǹkan bí 180 kìlómítà lọ, mì ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2005, ó tún mì ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008. Nǹkan bí 6 ni ìwọ̀n méjèèjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìpínlẹ̀ Hormozgan mì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2022, abúlé Sayeh Khosh ní ìpínlẹ̀ kan náà wó lulẹ̀, èèyàn sì kú. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ lára ní UAE.

Orí ilẹ̀ UAE fúnra rẹ̀ náà kò dákẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5 mú kí ògiri ilé sán ní agbègbè Masafi, láàárín òkè Fujairah, níbi tí kò tó 100 kìlómítà sí Sharjah. Agbára irú èyí kéré púpọ̀ sí ti Saravan. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó wà nítòsí, ìgbì oníyára tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kú nígbà tó bá dé ìlú. Ìgbì oníyára yẹn sì ni ilé alájà mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún ń bá jó.

Èyí ló jẹ́ kí ìrírí ọdún 2013 máa tan èèyàn jẹ. Ìmìtìtì ọ̀nà jíjìn ló dẹ́rù ba àwọn tó ń gbé inú ilé gogoro, ilé wọn sì fara dà á. Ilé kékeré kò tíì rí ìdánwò tirẹ̀.

Ohun tí ìṣirò Burj Khalifa fi hàn

Ẹ̀rí tó dára jù fún ọ̀rọ̀ yìí wà lábẹ́ ilé tó ga jù láyé. Nígbà tí Bill Baker àti àwọn ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Skidmore, Owings & Merrill ń ṣe ìṣirò Burj Khalifa, wọ́n wọn agbára afẹ́fẹ́, wọ́n sì wọn agbára ìmìtìtì ilẹ̀. Fún ara ilé gogoro náà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, afẹ́fẹ́ ló le jù, ohun tí wọ́n sì ṣe nítorí afẹ́fẹ́ ti ju ohun tí ìmìtìtì ń béèrè lọ. Ibi tí ìmìtìtì ti di ọ̀gá ni àwọn ilé kúkúrú tó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, àti irin tí wọ́n fi ṣe góńgó orí rẹ̀.

Kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ gba ohùn ìmìtìtì Qeshm ti ọdún 2008 sílẹ̀. Ìmì tó dé ẹsẹ̀ ilé náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún agbára òòfà ilẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sá jáde nínú ilé gíga káàkiri Dubai.

Ilé gogoro ní àǹfààní méjì mìíràn. Àwọn tó kọ́ ọ lówó lọ́wọ́ láti gba ẹnjiníà tó mọṣẹ́, afẹ́fẹ́ sì ti fi tipátipá sọ ọ́ di alágbára sí ohun tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ilé alájà márùn-ún kò ga tó kí afẹ́fẹ́ bá a wí.

Inú òpó àtijọ́

Ọdún 1971 ni wọ́n dá UAE sílẹ̀. Owó epo tó tẹ̀ lé e sọ etíkun di ìlú láàárín ọdún díẹ̀. Deira, Bur Dubai, Karama, Rolla: ilé alájà mẹ́rin sí mẹ́wàá hù níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ìgbà náà ń tẹ̀ lé, CP 110 ti ọdún 1972 àti BS 8110 tó rọ́pò rẹ̀ ní 1985. Ìlànà dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà mì, ìlànà wọn kò sì sọ nǹkan kan nípa ìmìtìtì. Wọ́n ṣírò ẹrù tó ń tẹ ilé láti òkè, wọ́n ṣírò afẹ́fẹ́, wọ́n parí síbẹ̀.

Àwọn Yorùbá mọ ilé tó ń wó láìsí ìmìtìtì kankan. Ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Gerrard Road, ní Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹrù òkè ló wó irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tì ilé. Òpó tó ti gbé ẹrù òkè fún ogójì ọdún láìmira lè ṣẹ́ láàárín ogójì ìṣẹ́jú-àáyá bí wọ́n bá ń fà á síwá sẹ́yìn.

Ohun tó ń ya òpó tó ń ṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń tẹ̀ láìṣẹ́ kò tóbi. Ríǹgì ni: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń tẹ irin máa ń fi yí rọ́ọ̀dù òpó ká. Nínú òpó àtijọ́, ríǹgì kan lè jìn sí èkejì tó 20 tàbí 30 sẹ̀ǹtímítà, etí rẹ̀ sì sábà máa ń tẹ̀ ní ìgun mẹ́rin gan-an, kò wọ inú kọnkéré. Nígbà tí òpó bá ń fì, awọ kọnkéré á bọ́, etí ríǹgì á ṣí, rọ́ọ̀dù á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kọnkéré inú á fọ́ wẹ́wẹ́, àjà òkè á sì jókòó lé ti ìsàlẹ̀. Ìlànà òde òní ní kí ríǹgì súnmọ́ra, nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn ní ìdí àti orí òpó, kí etí rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú kọnkéré gidi. Nígbà ìmìtìtì San Fernando ní California, ní oṣù Kejì ọdún 1971, ilé ìwòsàn Olive View tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bà jẹ́ kọjá àtúnṣe nítorí òpó tí ríǹgì rẹ̀ jìnnà síra. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló mú kí Amẹ́ríkà yí òfin ilé kíkọ́ rẹ̀ padà.

Àléébù kejì wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Ní Deira àti Rolla, ṣọ́ọ̀bù ló ń kún ìsàlẹ̀: àjà rẹ̀ ga, iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ògiri rẹ̀ kò pọ̀. Àjà òkè ní ògiri blọ́ọ̀kù láàárín yàrá sí yàrá, ó sì le. Bí ilẹ̀ bá mì, gbogbo ìfì á kóra jọ sí ìsàlẹ̀ tó rọ̀ yẹn, àwọn òpó mélòó kan ni yóò sì dá gbé e. Ẹ̀kẹta ni dẹ́ẹ̀kìn pẹlẹbẹ tí kò ní bíìmù lábẹ́: bí ilé bá fì jù, òpó á gún un lójú, á yọ sókè. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó wó jù ní ìlú Mẹ́síkò.

Iyọ̀ ni ìkẹrin, òun sì ni ti Gulf gan-an. Omi abẹ́ ilẹ̀ níbi tí Burj Khalifa dúró sí ní iyọ̀ tó pọ̀ ju ti òkun lọ, débi pé wọ́n ní láti fi iná mànàmáná dáàbò bo irin ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ilé alájà márùn-ún ti ọdún 1975 kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Nígbà míì, yanrìn tí wọ́n fi po kọnkéré rẹ̀ ti ní iyọ̀ nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ á wọlé, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, kọnkéré á sán. Ríǹgì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì súnmọ́ awọ òpó ló ń kọ́kọ́ jẹ tán, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ilé nílò lọ́jọ́ ìmìtìtì.

Òfin tó ń le sí i

Ìwé ìlànà UBC ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1997, fi Dubai sí ìpele òdo: ìlú tí kò nílò ìṣirò ìmìtìtì. Ìjọba ìbílẹ̀ Dubai, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Baladiya, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìpele 2A ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé, ìyẹn agbára tó tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún agbára òòfà ilẹ̀. Lẹ́yìn ìmìtìtì méjì ti ọdún 2013, wọ́n gbé ti ilé tó ju àjà mẹ́wàá lọ sí ìpele 2B, tó jẹ́ ìdá 20. Ìwé òfin ilé kíkọ́ Dubai tó jáde ní 2021 tún so ìṣirò náà mọ́ ìlànà Amẹ́ríkà tó tuntun ju UBC lọ.

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n ewu náà. Ní 2004, Jamal Abdalla àti Azm Al-Homoud, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní American University of Sharjah, tẹ ìṣirò jáde fún gbogbo UAE. Lẹ́yìn wọn, àwọn kan ní ìmì tí Dubai yẹ kó múra sílẹ̀ fún tó ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún agbára òòfà ilẹ̀, àwọn mìíràn ní kò tó ìdá 6. Ọ̀kan lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni bóyá ojú ibi tí àpáta ti sán lábẹ́ UAE fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè tàbí ó ti kú. Ìyàtọ̀ yẹn kò yí ohun kan padà: ilé tí wọn kò ṣírò ìmìtìtì kankan fún kò bá èyíkéyìí nínú nọ́ńbà méjèèjì mu.

Òfin tuntun kì í sì dá padà lọ bá ilé àtijọ́. Ìwé ọdún 2021 kò fi ríǹgì kan kún òpó ọdún 1978.

Bí wọ́n ṣe ń fún ilé lókun

Àyẹ̀wò ló ṣáájú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé àwòrán ilé ti sọnù. Ẹnjiníà á fi ẹ̀rọ wá ibi tí irin wà láìfọ́ òpó, á gbẹ́ kọnkéré díẹ̀ jáde lọ tẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò, á wọn bí iyọ̀ ti wọlé tó. Lẹ́yìn náà, á ya ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, á mì ín níbẹ̀, á sì wo òpó tó kọ́kọ́ ṣẹ́.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n wọ ẹ̀wù kọnkéré fún òpó. Wọ́n á ha ara rẹ̀, wọ́n á to rọ́ọ̀dù tuntun yí i ká, wọ́n á gbẹ́ ihò sí dẹ́ẹ̀kìn kí rọ́ọ̀dù lè gba inú rẹ̀ kọjá sí àjà kejì, wọ́n á kó ríǹgì tó súnmọ́ra lé e, wọ́n á sì da kọnkéré. Ó dára, ṣùgbọ́n òpó á sanra ní nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àyè ọkọ̀ lè má sì gba ọkọ̀ mọ́.

Aṣọ fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni ọ̀nà kejì. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ ẹ́ yí òpó ká bí báńdéèjì. Kò nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ayálégbé kò sì ní láti kó jáde. Iṣẹ́ ríǹgì ló ń ṣe láti ìta. Àìlera rẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù náà ń rọ̀ nígbà tí ooru bá ti súnmọ́ ìwọ̀n 60 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà ó nílò ìbòrí lọ́wọ́ oòrùn Gulf àti lọ́wọ́ iná. Bí irin inú òpó bá sì ti ń jẹ, aṣọ yìí á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni; iyọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú.

Fún ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, wọ́n lè fi irin dábùú láàárín òpó sí òpó, tàbí kí wọ́n gbé ògiri kọnkéré dìde láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ìṣọ́ra pọ̀ níbẹ̀. Bí ògiri bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ilé á máa yí dípò kó máa fì. Bí wọ́n bá mú ìsàlẹ̀ nìkan le jù, àjà tó tẹ̀ lé e ni yóò wó. Ìpìlẹ̀ àtijọ́ náà sì gbọ́dọ̀ lè gba ẹrù tuntun.

Japan àti California tún máa ń gbé ilé lé orí rọ́bà, kí ilẹ̀ máa lọ kí ilé má tẹ̀ lé e. Ní Dubai, ọ̀nà yìí gba àròjinlẹ̀. Rọ́bà ń sọ ilé kúkúrú di ohun tó ń fì ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, ìlọ-bọ̀ yẹn gan-an sì ni ìgbì onípẹ̀lẹ́ ń gbé wá láti Iran. Ẹnjiníà lè gba ilé lọ́wọ́ Masafi kó sì fà á lé Saravan lọ́wọ́.

Aman Mwafy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UAE ní Al Ain ti fi kọ̀ǹpútà mi ilé kọnkéré UAE wò léraléra, èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú òfin ìmìtìtì àti èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ti àtijọ́ ló ń kọ́kọ́ bà jẹ́, okun tí wọ́n fi kún un sì ń dín ewu náà kù.

Ta ni yóò sanwó?

Onílé ń gba owó ilé lọ́dọọdún lórí ilé tó ti pé e lówó tipẹ́. Bó bá ti gbó, èyí tó rọrùn fún un jù ni kó wó o kó kọ́ gogoro síbẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀ ni àwọn tí agbára wọn kò ká ilé tuntun: ará Íńdíà, ará Pakistan, ará Philippines, ọmọ Nàìjíríà tó gba bed space ní Deira tàbí Sharjah, tó ń pín yàrá kan pẹ̀lú ẹni mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pàṣẹ àyẹ̀wò òpó.

Ìjọba ló lè ṣe é, kò sì dìgbà tó bá gbẹ́ gbogbo òpó wò. Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, iye àjà rẹ̀, bóyá ṣọ́ọ̀bù tàbí àyè ọkọ̀ ló wà nísàlẹ̀, bóyá kọnkéré ti ń bọ́ kúrò lára irin: ènìyàn kan lè dúró sójú títì kó kọ gbogbo ìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n sì fi to ilé tí ẹnjiníà yóò kọ́kọ́ wọ̀. Los Angeles ṣe òfin ní 2015 tó fún àwọn tó ni ilé kọnkéré àtijọ́ ní ọdún 25 láti fún un lókun tàbí kí wọ́n wó o. Inú afẹ́fẹ́ California ni wọ́n ti ṣe ìṣirò ọdún 25 yẹn. Ní Sharjah, níbi tí iyọ̀ ti ń jẹ ríǹgì lọ́dọọdún, òpó tí àyẹ̀wò bá gbà wọlé lónìí lè má yege mọ́ ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, gbèdéke ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrú ju ti Los Angeles lọ.